Ọ́ìlì Tó Ki, Ọ́ìlì Tó Ṣàn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọ mi obìnrin dé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Lágéré, nítorí pé ó tó àkókò láti pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ to ike ọ́ìlì lóríṣiríṣi síwájú wa, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ọmọ mi ò tiẹ̀ wojú wọn. Ó tẹ fóònù rẹ̀, fóònù sọ èyí tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu fún un, ó nawọ́ sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ ọmọkùnrin yẹn fẹ́ ká mọ̀ pé ojúlówó ọjà lòun ń tà. Ó ṣí ike kan, ó da díẹ̀ sínú ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sún mọ́ mi. Bí òórùn ọ́ìlì náà ṣe wọ̀ mí nímú báyìí, ẹ̀rín ni mo bú sí. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Nǹkan wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá ìgbà náà, ìgbà tí àwọn àgbà ọkùnrin méjì lè torí ọ́ìlì ọkọ̀ di ẹni tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Òkèrèwè ni wọ́n gbé tọ́ mi dàgbà ní Ifẹ̀. Ilé wa àti ilé àwọn Ràfíátù kọjú síra wọn, gọ́tà tóóró kan ló wà láàrin, pákó kan sì wà lórí gọ́tà náà tí ẹsẹ̀ wa ti fi dán bí àtẹ̀gùn ilé ọba. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Délé nítorí ẹ̀gbọ́n mi àgbà, jẹ́ akọ̀wé ní yunifásítì. Ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó máa ń ki ẹ̀wù rẹ̀ bọ ṣòkòtò kódà bó bá fẹ́ lọ da ilẹ̀ nù. Bàbá Ràfíátù ní tirẹ̀ jẹ́ télọ̀, ó sanra, ó ga, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá. Ràfíátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ọ̀rẹ́ mi. Kíláàsì kan náà la wà, ìjókòó kan náà la ń jókòó sí, èékánná wa nìkan la kò jọ gé pọ̀.

Kìrìsìtẹ́nì ni àwa, Mùsùlùmí ni àwọn Ràfíátù, ṣùgbọ́n n kò rí i kí ìyẹn dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí àwẹ̀ bá dé, bàbá mi kì í gbààwẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìṣínu tí kì í bá wọn jókòó sí. Bàbá Ràfíátù náà ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, àmọ́ kò pa ìrẹsì Kérésìmesì jẹ rí. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn láti máa jiyàn. Wọ́n ń jiyàn lórí ojú ọjọ́, wọ́n ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń sun iṣu, wọ́n jiyàn nígbà kan lórí pé ṣé àkùkọ máa ń di ojú bó bá ń kọ. Àkùkọ náà fúnra rẹ̀ kọ níṣojú wọn lọ́jọ́ náà, kò sì yanjú ọ̀rọ̀.

Láàrin àwọn ọdún 1990 yẹn ni olùkọ́ yunifásítì kan fẹ́ lọ sí òkè òkun, ó sì ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Agbára bàbá mi nìkan kò ká a. Agbára Bàbá Ràfíátù nìkan kò ká a. Ni wọ́n bá da owó pọ̀, wọ́n rà á ní àjọni. Àwọ̀ ọkọ̀ náà dà bí ti ẹ̀fọ́ tó ti rọ láti àná. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú, èkejì kì í ṣí láti ìta, nítorí náà ẹni tó bá gba ọ̀kan wọlé, èkejì ló gbọ́dọ̀ gbà jáde. Ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ti Bàbá Ràfíátù, ọjọ́ Àìkú jẹ́ tiwa, àwọn ọjọ́ yòókù sì jẹ́ ti ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jìn jù. Àárín ilé méjèèjì ni wọ́n ń gbé e sí, imú rẹ̀ níwájú ilé wọn, ìdí rẹ̀ níwájú ilé wa. Bí iyàn bá gbóná, Bàbá Ràfíátù á ní ọ̀dọ̀ òun ni ẹ́ńjìnnì wà. Bàbá mi á ní ọ̀dọ̀ òun ni táńkì bẹntiróòlù wà, kí ẹ́ńjìnnì lọ mu omi.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni iyàn tó ju gbogbo iyàn lọ. Kí Bàbá Ràfíátù tó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn lọ́rì ní ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀dọ̀ awakọ̀ lọ́rì yẹn ló sì ti kó gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Ọ́ìlì tó ki ni tirẹ̀, èyí tó bá jẹ́ pé bí wọ́n bá ń dà á, á máa rọra bọ̀ bí oyin. Bí ó bá rí ike ọ́ìlì tí bàbá mi rà, á gbọ̀n ọ́n létí, á ní, "Bàbá Délé, ṣé ọ́ìlì lèyí àbí omi ìfọwọ́? Irin ń gún irin nínú ibẹ̀ yẹn, ìwọ wá ń da omi ìfọwọ́ sí i!"

Ibi tí bàbá mi ti kó ọgbọ́n tirẹ̀ ni ibi tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń gbé ọkọ̀ sí. Ó máa ń dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á máa tẹ́tí sí wọn. Ẹni tó gbà gbọ́ jù nínú wọn, ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ni bàbá mi ti gbọ́ pé ọ́ìlì tó ṣàn, tó tètè ń dé gbogbo kọ̀rọ̀ inú ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀, ló dára. Á ní, "Bàbá Ràfíátù, ẹ̀jẹ̀ ni ọ́ìlì jẹ́ fún ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ki jù, rọpárọsẹ̀ ló ń fà."

"Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣàn jù ńkọ́?"

"Kí ló ń fa ìyẹn?"

"Ìyẹn ló ń fa kí ènìyàn tinrín bíi tìẹ."

Gàníyù ni mẹkáníìkì wọn, abẹ́ igi odán kan lójú ọ̀nà Sábó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọlúàbí ni, kò sì fẹ́ wàhálà. Bí bàbá mi bá gbé ọkọ̀ lọ, tó ní kó da èyí tó ṣàn sí i, Gàníyù á ní, "Bàbá, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, èyí tó ṣàn ló dára." Bí Bàbá Ràfíátù bá dé ní ọ̀la rẹ̀, tó ní kó fà á dànù, kó da èyí tó ki sí i, Gàníyù á mi orí, á ní, "Òótọ́ pọ́ńbélé, Bàbá. Mo ti ń rò ó lọ́kàn tẹ́lẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé kò sí ọkọ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ tó tiwa ní gbogbo Ifẹ̀. Aṣọ iléèwé wa kì í rí ìfọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Fílítà wá dá kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, agolo kékeré kan ni, ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sẹ́ ọ́ìlì bí ìgbà tí wọ́n bá ń sẹ́ ògì, kí ìdọ̀tí má bàa wọ inú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà róbótó kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Bàbá mi ní bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ọ́ìlì, tuntun ni kí wọ́n fi sí i. Bàbá Ràfíátù ní ẹni tó ń sọ fílítà nù ni ẹni tó ń sọ asẹ́ ògì nù lẹ́yìn tó bá sẹ́ ògì ẹ̀ẹ̀kan. Ó máa ń fi bẹntiróòlù fọ tirẹ̀ ni, á gbọ̀n ọ́n pa-pa-pa, á wá sá a sórí ògiri nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀sẹ̀ wa.

Lọ́jọ́ kan, ìyá Ràfíátù sá ata sórí ògiri kan náà. Kò mọ̀ pé fílítà wà níbẹ̀, fílítà sì ti ṣubú sáàrin ata. Ọbẹ̀ tí wọ́n sè nílé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Bàbá mi, tí wọ́n bù díẹ̀ fún gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Ràfíátù, ṣé èyí tó ki lẹ fi sè é àbí èyí tó ṣàn?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá Ràfíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀, ó sì dùn ún. Ó ní kí bàbá mi bẹ ìyàwó òun. Bàbá mi ní ẹni tó sá fílítà sínú ata ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, bàbá mi sọ pé ìwà ọ̀bùn ni fílítà fífọ̀, Bàbá Ràfíátù sì sọ pé ọ̀lẹ tó ń fi etí jí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kò lè kọ́ òun ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé ohun kékeré ni. Àdúgbò wa dákẹ́ bí ilé tí àlejò rẹ̀ ti lọ. Màámi àti ìyá Ràfíátù ṣì ń yá ara wọn ní iyọ̀, èmi àti Ràfíátù ṣì ń gba orí pákó kọjá, ṣùgbọ́n bàbá mi a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ràfíátù a jókòó sí tiwọn, ọkọ̀ àjọni á wà láàrin wọn, oníkálukú á máa wo apá tirẹ̀ lára ọkọ̀ náà. Bàbá mi ò jẹun dáadáa mọ́. Ó ń bá rédíò jiyàn.

Inú oṣù yẹn ni èmi àti Ràfíátù yege ìdánwò àṣewọlé sí iléèwé girama àwọn obìnrin kan tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, kọjá Ìpetumodù dáadáa. Ó wá ku kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Wọ́n ti kìlọ̀ pé ọmọ tó bá pẹ́ dé, àyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Iléèwé náà dára, kò sì sí ọmọ Òkèrèwè kan tó ti wọ ibẹ̀ rí tí a mọ̀. Ràfíátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọmọ iléèwé náà.

Màámi àti ìyá Ràfíátù pe àwọn ọkọ wọn jáde sí ẹ̀bá gọ́tà. Ìyá Ràfíátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ méjì ni, ọkọ̀ kan ni, ọ̀nà kan ni. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa mú wọn lọ."

Màámi, tí èdè Ifẹ̀ ìbílẹ̀ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí inú bá bí i, fi kún un pé, "Ẹni tí kò bá lọ, kó má wọ ulé mi jẹun mọ́ o."

Bàbá mi ní òun gbọ́. Bàbá Ràfíátù wúkọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru bo ìlú, òtútù sì mú. Bàbá mi ló wa ọkọ̀, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Ràfíátù jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Ràfíátù, ó wọ agbádá funfun tó rán fún ọjọ́ náà, ó sì kún ìjókòó ẹ̀yìn bámúbámú débi pé ojú fèrèsé ni Ràfíátù ti ń mí. A kò tíì kúrò ní ìlú tí iṣẹ́ ìránṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

"Ràfíátù," ni bàbá rẹ̀ wí, "sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kòtò wà níwájú, àfi bí ojú wọn bá wà ní ìpàkọ́."

Ràfíátù fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Bàbá mi ní ẹ kú iṣẹ́ o, kòtò wà níwájú."

Mo kọjú sí bàbá mi. "Dádì, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n ní kòtò..."

Gbì! A ti wọ̀ ọ́.

Bàbá mi ní, "Sọ fún un pé n kò gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ télọ̀."

Mo yíjú sẹ́yìn, mo ní, "Dádì mi ní ẹ ṣeun, agbádá yín dára."

Ẹ rántí o, inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wa wà. Oníkálukú wọn ń gbọ́ ojúlówó èébú náà ketekete kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa ọmọ. Síbẹ̀, èyí tí a tún ṣe ni wọ́n ń fèsì sí. Bàbá Ràfíátù fọwọ́ ra agbádá rẹ̀, ó ní, "Sọ fún un pé ó ṣeun, aṣọ náà tutù lára." Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Báyìí la ṣe kọjá Ìpetumodù, tí ara ń tù wá díẹ̀díẹ̀, kí iná pupa kan tó tàn níwájú bàbá mi. Bàbá mi wò ó, ó tún wò ó. Ó ní, "Sọ fún bàbá ọ̀rẹ́ rẹ pé iná ọ́ìlì tàn." N kò tíì la ẹnu tí òórùn ọ́ìlì tó ń jó fi gba inú ọkọ̀ kan, tí Bàbá Ràfíátù sì fi ohùn inú àgbá rẹ̀ ké pé, "Bàbá Délé, dúró! Pa á! Pa ẹ́ńjìnnì!"

"Mo ti pa á!"

"O ṣeun!"

Lẹ́yìn náà làwọn méjèèjì rántí pé àwọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a bọ́ọ́lẹ̀, ọ́ìlì ti fa ìlà dúdú gbọọrọ sójú ọ̀dà láti ibi tí a ti ń bọ̀. Bàbá Ràfíátù bọ́ agbádá funfun náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e fún Ràfíátù, ó sì dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. A gbọ́ tó ń kérora, tó ń lọ́ nǹkan. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti dúdú, fílítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, rọ́bà róbótó méjì sì wà lẹ́nu fílítà náà, ọ̀kan lé orí ọ̀kan.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò gba ọ̀dọ̀ wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, "Bàbá Délé, èmi ni mo so fílítà yìí ní ìrọ̀lẹ́ àná. Gàníyù ti lọ sílé, mo bá so ó fúnra mi. Rọ́bà ti àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, n kò rí i, mo wá so tuntun lé e lórí. Kò dì dáadáa."

Bàbá mi tẹjú mọ́ fílítà náà. "Tuntun ni?"

"Tuntun ni."

"Ìwọ? O ra fílítà tuntun?"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní ìwà ọ̀bùn ni fífọ̀? Mo ní bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, wàá rí i."

Bàbá mi sún mọ́ ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ọ́ìlì tó wà nílẹ̀, ó fi ìka méjì pa á pọ̀, ó sì yà wọ́n. Ọ́ìlì náà fà yọ̀ọ̀ bí ilá. "Wo èyí."

Bàbá Ràfíátù wò ó. "Ó ki."

"Èmi ni mo gbé ọkọ̀ lọ bá Gàníyù lọ́sàn-án àná. Mo ní kó fa tèmi dànù, kó da tìrẹ sí i, kó má sì fọwọ́ kan fílítà tí o fọ̀."

"O wá gbà báyìí pé èyí tó ki ló dára?"

"N kò gbà o! Ọ́ìlì tó ki bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú òtútù òwúrọ̀ yìí, òun gan-an ló ti fílítà ọ̀hún débi tó fi tú." Bàbá mi nu ìka rẹ̀ sára ṣòkòtò, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí láyé. "Mo kàn fẹ́ kí o tún máa bá mi sọ̀rọ̀ ni."

Lọ́rì kan sáré kọjá, ó fẹ́ eruku lù wá. Nígbà tí eruku náà lọ sílẹ̀, Bàbá Ràfíátù ti ń rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ ó ń la ọ̀nà funfun kọjá lára ọ́ìlì. Bàbá mi náà jókòó tì í lórí koríko, ó ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀ tí kì í dún. Ká ní èmi àti Ràfíátù wà lẹ́bàá ibẹ̀ títí di òní, n kò rò pé wọn ì bá rántí wa.

Ọlọ́run ló ní kí Màlámù Ìdí yọ pẹ̀lú pikọ́ọ̀pù rẹ̀ tó kún fún ewúrẹ́. Sábó ni wọ́n bí Màlámù Ìdí sí, ibẹ̀ ló ti ń ta ẹran, èdè Ifẹ̀ ẹnu rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti bàbá mi lọ. Gbogbo aṣọ ọdún rẹ̀, Bàbá Ràfíátù ló ń rán wọn. Ó ní òun máa kọjá níwájú iléèwé náà, ṣùgbọ́n àyè tó wà níwájú kò lè gbà ju àwa ọmọ lọ. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ tẹ̀ lé wa ní láti bá ewúrẹ́ dúró lẹ́yìn.

"Bàbá Délé, máa bá wọn lọ," ni Bàbá Ràfíátù wí.

"Rárá o, ìwọ lo ní agbádá tuntun."

"Èmi tí ọ́ìlì bò? Ìwọ akọ̀wé ló yẹ kó lọ."

"Kí n fi ọ́ nìkan sílẹ̀ nínú igbó? Ká má rí i."

"Mo bẹ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi."

"Èmi ni mo bẹ̀ ọ́."

Oòrùn ti ń yọ. Ìjà wọn ti fẹ́ pa wá lára, ìrẹ́pọ̀ wọn wá fẹ́ parí iṣẹ́ náà. Ràfíátù tí kì í gbóhùn sókè sí àgbà rí, tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ jókòó ti ọkọ̀ yín! Màlámù, ẹ jẹ́ ká máa lọ!" A wọlé, a lọ, a ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn wa bí ẹgbẹ́ akọrin.

Wọ́n ti fẹ́ ti géètì nígbà tí a débẹ̀. Ìyá kan tó dúró níbẹ̀ ní ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá sin wá, òun ò ní jẹ́ kó wọlé. Màlámù Ìdí bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní, "Èmi ni bàbá wọn."

Ìyá náà wo Ràfíátù tó ga tó sì dúdú, ó wo èmi tí mo kúrú tí mo sì pọ́n. "Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì," ni Màlámù wí láìrẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn ló yàtọ̀."

Nínú iyàrá tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò, èdè Òyìnbó ni àwọn olùkọ́ fi bi wá pé kí ló dé tí a fi pẹ́. Ràfíátù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé ọ́ìlì, ó ṣàlàyé fílítà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rọ́bà méjì, Òyìnbó tán lẹ́nu rẹ̀. Ó bá yọ rọ́bà tí wọ́n fi so irun rẹ̀, ó yọ tèmi náà, ó kì wọ́n bọ ìka kan, ó ń fi han àwọn olùkọ́, irun àwa méjèèjì sì tú ká. Olórí iléèwé náà, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ le, kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, èwo lo rò pé ó dára jù nínú ọ́ìlì méjèèjì?"

Mo ronú dáadáa. Ọjọ́ ọ̀la mi wà lórí ìdáhùn yìí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò tíì parí ẹ̀ nílé wa."

Bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín tó, ọ̀kan nínú wọn yọ awò ojú kó lè nu omijé. Olórí iléèwé wá fa imú, ó ní òórùn kí ló ń rùn báyìí. Ràfíátù ní, "Ewúrẹ́ ni, mà." Wọ́n gba àwa méjèèjì wọlé. Títí a fi jáde iléèwé náà, "àwọn ọmọ Màlámù" ni wọ́n ń pè wá.

Nígbà tí a padà sí géètì, ọkọ̀ àjọni ti dúró níbẹ̀. Bàbá mi ti gun ọ̀kadà lọ sí Ìpetumodù, ó ti ra ọ́ìlì, wọ́n ti yọ rọ́bà àtijọ́, wọ́n ti tún fílítà so. Láti ọ̀nà jíjìn la ti ń gbọ́ ariwo wọn. Bàbá mi ní ọwọ́ lásán ló yẹ kí wọ́n fi dè é. Bàbá Ràfíátù ní láìlo sípánà, ẹ̀fúùfù ni wọ́n so ó mọ́. Ràfíátù dì mọ́ mi. Kò sí orin tó dùn létí wa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Màámi ló parí ìjà ọ́ìlì. Ó ní nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, tí òwúrọ̀ bá ń tutù, kí wọ́n máa lo èyí tó ṣàn. Bí ooru bá dé, tí ọ̀dà ń jó ẹsẹ̀, kí wọ́n máa lo èyí tó ki. Fílítà, tuntun ní gbogbo ìgbà, kí ẹnikẹ́ni má sì sá ohunkóhun sórí ògiri bí kò ṣe aṣọ àti ata. Wọ́n gbà. Ó wá ku kí wọ́n máa jiyàn lórí ọjọ́ tí ọyẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀.

Ayé ti yí. Wọ́n ti bo gọ́tà náà. Ilé méjèèjì ti ní ọgbà àti géètì irin, ẹni tó bá fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ á kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. Ọkọ̀ ti pọ̀ ní Òkèrèwè, ẹlòmíràn ní méjì tó ń dá lò, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé àwọn aládùúgbò méjì tún jọ ra ẹyọ kan mọ́. Ràfíátù ti di nọ́ọ̀sì ní ìlú òkèèrè. Ọdún ń lọ, fóònù rẹ̀ ń yí padà, a máa ń sọ ara wa nù, a tún máa ń rí ara wa. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, bàbá mi bá wọn dé itẹ́ òkú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu erùpẹ̀, ó padà wálé, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn fún ìgbà pípẹ́, kódà rédíò.

Mo bi í léèrè ní àìpẹ́ yìí ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti kékeré. Nígbà tó yá, owó wọlé fún àwọn méjèèjì díẹ̀. Oníkálukú wọn lè ra ọkọ̀ tirẹ̀ kó sì da ohun tó wù ú sí i. Kí ló dé tí wọ́n fi wà nínú ẹyọ kan náà títí tó fi dógùn-ún?

Bàbá mi wò mí bí ẹni pé ọmọ tóun rán lọ sílé ìwé tó báyìí kò mọ nǹkan kan.

Ó ní, "Bí mo bá dá ra tèmi, ta ni n bá máa bá jiyàn?"